Florentine, Ẹni Tí Ó Ń Gbé Orin Nowẹ́lì Dé Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ọpẹ́ ni kí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá Florentine, ìyá Marie-Noëlle, tí ó sì fi í sí àárín wa ní Bantè. Kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe olóyè. Gàrí ni ó ń yan tà. Vivien ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí ó kọ́kọ́ rán ìròyìn ayọ̀ sí àwọn tí ń ṣọ́ ẹran nínú pápá, kí àwọn ọba tó gbọ́ nípa rẹ̀, òun náà ni ó mọ ìdí tí ó fi fi orin sí ẹnu obìnrin tí èéfín ààrò ti mú ohùn rẹ̀ há díẹ̀. A yìn ín nítorí ohùn náà. A yìn ín nítorí ọkàn tí ń bẹ lẹ́yìn ohùn náà.

Pira ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé àgbẹ̀ tí ń gbin iṣu àti kajú. Nígbà tí Vivien gbé e níyàwó wá sí Bantè, ó bá àṣà kan ní àdúgbò wa tí àwọn olùkọ́ ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń retí Nowẹ́lì, èyí tí àwọn ará ìhà kejì ààlà ń pè ní Kérésìmesì, ẹgbẹ́ akọrin máa ń rìn láti ilé dé ilé ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ilé tí ó bá fẹ́ orin ni yóò gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí yóò sì gbé abọ́ omi lé e lórí, nítorí pé eruku ọyẹ́ a máa mú ọ̀fun akọrin gbẹ. Bí wọ́n bá ti rí àpótí àti omi, wọn yóò dúró. Ẹni tí ó ṣáájú yóò béèrè pé, "Orin wo ni ti ilé yìí?" Onílé yóò sì dárúkọ orin rẹ̀. Orin kan ni fún ilé kan, ní èdè Ìṣà wa, láti ọdún dé ọdún, àfi bí onílé bá yí i padà fúnra rẹ̀.

Ilé Kristẹni ń gbé àpótí síta, ilé Mùsùlùmí pẹ̀lú ń gbé e síta. Nínú agbo ilé kan náà ní ìlú wa, ẹ ó rí ẹni tí ń lọ sí Máàsì àti ẹni tí ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, inú abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti jọ ń jẹun. A kì í béèrè ẹ̀sìn lẹ́nu ọ̀nà. Orin ni a ń béèrè.

Bí ẹ bá tẹ̀lé wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan péré, ẹ ó mọ ohun tí ó mú kí ènìyàn fẹ́ràn orin. Adamou, tí ń fi alùpùpù gbé èrò láàárín Bantè àti Pira, orin ìràwọ̀ ni tirẹ̀. Ó ní ẹni tí iná alùpùpù rẹ̀ bá ti kú lójú ọ̀nà rí, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ pé kí ó dúpẹ́ fún ìràwọ̀. Imorou, àgbẹ̀ tí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Nàìjíríà kí wọ́n tó lé àwọn àlejò padà, orin sísá lọ sí Íjíbítì ni ó máa ń béèrè, wọn kì í sì í kọ ọ́ tán kí ojú rẹ̀ tó rọ. "Ẹ rí i," ni ó máa ń wí, "Ọmọ yẹn náà di ẹrù rẹ̀ lóru." Bonaventure, olórí ẹgbẹ́ akọrin, jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀; ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ràn orin Sakaráyà, àlùfáà tí ó yadi títí wọ́n fi bí ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, yóò wo ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, yóò ní, "Oore tí Ọlọ́run ṣe fún ìyàwó Sakaráyà ni mò ń tọrọ. Oṣù díẹ̀ péré náà ti tó mi."

Ní ti Ìyá Houlératou, ọ̀nà mìíràn ni orin tirẹ̀ gbà wọ ilé rẹ̀.

Ìyá Houlératou jẹ́ agbẹ̀bí, Mùsùlùmí òdodo, ìyá Lassissi tí ń ránṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ àdúgbò wa bọ́ sí nígbà tí wọ́n wá sí ayé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Nowẹ́lì, Florentine ń rọbí àkọ́bí rẹ̀, ara sì ń ni ín gidigidi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin kan.

"Kí ni ò ń kùn lẹ́nu yẹn?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Orin ni, Ìyá."

"Orin kẹ̀? Kọ ọ́ sókè kí n gbọ́. Bóyá ọmọ náà yóò tètè jáde wá wo ẹni tí ń pariwo."

Florentine sì kọ ọ́ bí ó ti lè ṣe:

*Ọ̀nà jìn, Màríà, ọ̀nà jìn,*
*Ilé gbogbo kún, kò sí ẹni tí ó ní kí o wọlé;*
*Ta ni yóò di ọwọ́ rẹ mú bí ìrora bá dé?*

Ìyá Houlératou di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọmọ fi ké. Nígbà tí ó ti wẹ ọmọbìnrin náà, ẹni tí a sọ ní Marie-Noëlle, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. "Nítorí náà ẹ̀yin pẹ̀lú mọ̀ pé obìnrin kan jẹ̀rora lọ́jọ́ yẹn? Áńgẹ́lì ni mo ń gbọ́ lẹ́nu yín, ọba ni mo ń gbọ́, ìràwọ̀ ni mo ń gbọ́. Àwa mọ̀ láti inú Àlùkùránì pé ìrọbí mú Màríà lọ sí ìdí igi. Mo ti rò pé ẹ̀yin gbàgbé ìyá ọmọ." Kí oṣù náà tó parí, àpótí ti wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè orin ilé rẹ̀, ó ní, "Ti ìrọbí."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Florentine di ẹni tí ń ṣáájú orin. Marie-Noëlle dàgbà, ó ń gbè é. Lassissi ni ó sì ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, bí ó tilẹ̀ máa ń sọ pé ara àwọn akọrin kì í dúró sí ojú kan láti ọdún kan dé èkejì.

Nígbà tí ó yá, ara ìyá àgbà kò le mọ́. Bí oṣù Nowẹ́lì ti ń wọlé, Florentine gbé gàrí lọ kí i.

"Florentine, orin mi ti sú mi."

"Ẹ̀! Ìyá, ta ni ó ṣẹ̀ yín?"

"Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ mí. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń bá obìnrin rọbí. Mo ti parí rẹ̀. Lọ́dún yìí, ẹ kọ èyí tí ọmọ ti dé, tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ dáadáa o! Ẹ má wá ṣe é bí ẹni tí ebi ń pa."

Ó tún fi Lassissi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ìyá àgbà, Florentine sì ṣèlérí pé bí ó ti wí ni yóò rí.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Florentine lọ ta gàrí ní ọjà Savalou. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ kí ó tó padà dé lórí alùpùpù, nítorí náà kò yà sílé. Ibi tí àwọn akọrin ti péjọ ni ó sọ̀ sí tààrà. Àwọn yòókù pẹ̀lú ti oko àti abúlé dé. Kò sí ẹni nínú wọn tí ó gbọ́ pé Ìyá Houlératou ti kú ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, àwọn ọkùnrin sì ti gbé e lọ sí ibojì. Àwọn obìnrin wà ní ẹ̀yìnkùlé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí ó kù ní ẹnu ọ̀nà kò ju àpótí ìjókòó kan àti abọ́ omi lọ, èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ kí àwọn tí ó wá kírun sí òkú lè ṣe àlùwàlá.

Àwọn akọrin rí àpótí. Wọ́n rí omi. Wọ́n dúró. Florentine kò tilẹ̀ béèrè orin, nítorí ó ti mọ ìyípadà tí ìyá àgbà fẹ́. Ó gbé e sókè:

*Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wá yọ̀,*
*Ọmọ ti ké, ìyá ti rẹ́rìn-ín!*

Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ìyá àgbà ti ní kí wọ́n pa á. Ìgbà tí Lassissi sì ti ibojì dé, tí erùpẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó bá lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀yin ará," ni ó wí, kò pariwo, "ìyá mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi erùpẹ̀ bò. Òun ni ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Àtẹ́wọ́ dá, ọwọ́ kan lẹ́yìn èkejì. "Ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà mi mọ́," ni ó fi kún un, ó sì wọlé.

Florentine lọ kí i kú ìdárò pẹ̀lú àwọn ará ìjọ. Lassissi dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn. Obìnrin náà kò sọ ohun tí ìyá àgbà bá a sọ. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Bí ẹni tí ń fi ẹnu òkú gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò rí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì di ẹrù sí i láyà. Nígbà tí Nowẹ́lì mìíràn dé, Lassissi kò gbé àpótí síta. Nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún un, àwọn ilé Mùsùlùmí yòókù kò gbé tiwọn síta pẹ̀lú. Adamou ń yẹra fún àwọn akọrin lójú ọ̀nà bí ẹni tí ó jẹ̀bi. Imorou ń gbọ́ orin láti inú ilé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì.

Nígbà tí ọdún tún yí po, Bonaventure pe ẹgbẹ́ akọrin jọ. "Ilé tí ó kù kò tó nǹkan," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí a fi ìrìn yìí sílẹ̀, kí a máa kọ orin wa nínú ìjọ." Ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀.

Florentine dìde. "Bàbá Bonaventure, bí a bá dá ìrìn yìí dúró, àwọn ẹnu ọ̀nà yẹn ti tì láéláé nìyẹn, èmi sì ni mo tì wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àyè kí n lọ bá Bàbá Kamilath." Orúkọ tí ó ń pe Lassissi nìyẹn, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀.

Bonaventure ya ẹnu láti dáhùn, ìyàwó rẹ̀ sì yára ju ú lọ: "Ó ti fún ọ ní àyè. Máa lọ."

Olúwa kò fi wá sílẹ̀ láìkọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí a bá mú ẹ̀bùn wá sí iwájú pẹpẹ, tí a sì rántí pé arákùnrin wa ní nǹkan nínú sí wa. A ó fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ níbẹ̀, a ó kọ́kọ́ lọ làjà. Florentine mọ ẹ̀kọ́ yìí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ àti ẹnu ọ̀nà tí a gbọ́dọ̀ wọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìwúwo wọn. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, ó sì jí lọ sí ṣọ́ọ̀bù Lassissi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń kùn. Soumaya, ìyàwó Lassissi, jókòó sí ẹ̀yìn, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Kamilath." Ó kúnlẹ̀.

"Káàárọ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni, n kò ní àyè títí ọdún yóò fi kọjá."

"Kì í ṣe aṣọ. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Ẹsẹ̀ Lassissi kò kúrò lórí ẹ̀rọ. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni?"

"N kò gbàgbé rí. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi? Ṣé mo máa ń jẹ ènìyàn ni?"

"Ẹ kì í jẹ ènìyàn, sà. Ṣùgbọ́n ojú yín a máa bu ènìyàn jẹ."

Soumaya fi aṣọ bo ẹnu. Lassissi wò ó, ó tún wo Florentine, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Ìyá Marie-Noëlle, jẹ́ kí n sọ ohun tí ó dùn mí. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ pé ó kú. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní orin tirẹ̀. Ìwọ gan-an ni o gbé e wá fún un. Bí mo ti ń ti ibojì bọ̀, tí mo gbọ́ ohùn yín lókèèrè, mo ní, ẹ wò ó, wọ́n ń bá mi sin ìyá mi pẹ̀lú orin rẹ̀. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn, orin ẹlòmíràn ni. Mo ní, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú, wọ́n ti gbàgbé ẹni tí ó jẹ́."

Ohun tí Florentine ti rò pé ó bí i nínú kọ́ nìyẹn. Orí ìlérí tí ó mú ṣẹ gan-an ni ìbànújẹ́ náà dúró lé.

"Bàbá Kamilath, ìyá ni ó yí i padà."

Ẹ̀rọ dúró. "Florentine, má fi ìyá mi purọ́."

"Ọlọ́run ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Mo gbé gàrí lọ fún wọn. Wọ́n ní orin ìrọbí ti sú wọn, pé àwọn ti parí rẹ̀. Wọ́n ní èyí tí ọmọ ti dé ni kí a kọ, kí a pàtẹ́wọ́, kí a má ṣe é bí ẹni tí ebi ń pa."

Lassissi gbé aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Èyí tí ó kù kò ṣe é sọ fún yín."

"Sọ ọ́."

"Ẹ ó bínú."

"Mo ti ń bínú tẹ́lẹ̀. Sọ ọ́!"

Florentine wo ilẹ̀. "Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ tí ó ti wá sáyé ní Bantè, kò sí èyí tí orí rẹ̀ tóbi tó tiyín. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ń bí yín, àwọn pinnu pé bí àwọn bá yè é, àwọn yóò fi ọkọ sílẹ̀, àwọn yóò lọ máa ta ata. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá ń kọ orin ìrọbí, orí yín ni àwọn máa ń rántí. Ó sì tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ọmọ ni àwọn fẹ́ máa rántí báyìí, kì í ṣe orí."

Soumaya ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, bọ́tìnnì sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Lassissi gbé ọwọ́ lé fìlà rẹ̀ bí ẹni tí ń wọn ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé òun náà, ẹ̀rín tí ó ń mi èjìká, títí omi fi ń ṣàn lójú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ibi tí ẹ̀rín parí sí tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá mi nìyẹn," ni ó wí nígbà tí ó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ yọ̀, ó sì yọ̀, èmi ni mo dá ayọ̀ rẹ̀ dúró." Ó na ọwọ́, ó gbé Florentine dìde. "Dárí jì mí."

"Èmi ni mo wá bẹ̀ yín, sà."

"Kí a jọ bẹ ara wa, kí ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wá sí ilé mi."

Florentine tún fẹ́ kúnlẹ̀, Lassissi dá a dúró.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn nítorí mi. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ó ti gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá."

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn akọrin jáde, Bonaventure ni ó kọ́kọ́ dúró lójijì lójú ọ̀nà, nítorí ẹnu ọ̀nà Imorou ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, òun fúnra rẹ̀ sì dúró síta pẹ̀lú fìtílà, ó ní kí wọ́n tètè, pé Íjíbítì jìnnà. Adamou gbé alùpùpù rẹ̀ síwájú ilé, ó tan iná rẹ̀ tuntun sí wọn lójú kí wọ́n lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó sì tún ní orin ìràwọ̀ náà ni òun fẹ́. Ilé kan ń fà wọ́n lé ilé kejì lọ́wọ́. Bonaventure kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ láti ilé Imorou lọ, ìyàwó rẹ̀ sì gbé ojú sókè, ó dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Lassissi, ó dúró pẹ̀lú Soumaya, Kamilath àti gbogbo ará ilé. "Orin wo ni ti ilé yìí?" ni Florentine béèrè.

"Èyí tí ìyá mi yàn. Kí ẹ má sì ṣe é bí ẹni tí ebi ń pa!"

Florentine gbé e sókè, Marie-Noëlle gbè é. Ohùn há náà là bí òwúrọ̀. Ọmọ ti ké, ìyá ti rẹ́rìn-ín! Àwọn obìnrin ilé pàtẹ́wọ́, àwọn tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọdé fò sókè nínú eruku, Lassissi sì ń pa àtẹ́wọ́ tirẹ̀ gbọnmọgbọnmọ, kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó dákẹ́. Ìdènà tí ó wà láàárín wa wó lulẹ̀. Ẹni tí ó wá gẹ́gẹ́ bí Ọmọ-Aládé Àlàáfíà ni ó wó o, ẹ̀bẹ̀ obìnrin kan tí ń yan gàrí ni ó sì lò.

Nítorí náà, Florentine, kí Olúwa tí ó gbọ́ orin rẹ nínú ìrora gbọ́ ọ nínú ayọ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ. Kí ìkòkò gàrí rẹ má gbẹ, gẹ́gẹ́ bí ìyẹ̀fun opó tí ó bọ́ wòlíì kò ti tán. Kí Vivien ọkọ rẹ rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó ń kọ́. Kí Marie-Noëlle kún fún ayọ̀, kí ìwọ náà gbé ọmọ ọmọ rẹ lé eékún. Kí ẹ̀rù má tún dì ọ́ ní ẹnu mọ́. Kí àlàáfíà wọ ilé rẹ, kí ó jókòó níbẹ̀, kí ó sì kún títí dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tí ilé wọn fara kan tirẹ. Àmín.